Gẹ́kò wa kò jẹun dáadáa mọ́ láti ìgbà tí òtútù ti dé: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Màmá Ìbejì, Manchester

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará wa. Àwọn ọmọ mi ń sin leopard gecko kan, ẹranko afàyàfà kékeré tó jọ ọmọńlé. Akọ ni, ó ti lé lọ́mọ ọdún mẹ́ta. Nígbà ooru, tí ìrẹ̀ bá ti bọ́ sínú ilé dígí rẹ̀ báyìí, kò ní í jẹ́ kó fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ dáadáa kó tó gbé e mì. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí oṣù Kẹwàá ti ń parí lọ ni ìwà rẹ̀ ti yí padà. Á jẹ ìrẹ̀ kan, á yíjú kúrò lára èkejì. Inú ihò rẹ̀ ló máa ń wà títí ilẹ̀ á fi ṣú, tó bá sì jáde, apá ibi tó gbóná ló ń lẹ̀ mọ́. Kì í yàgbẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìrù rẹ̀ ṣì sanra, ojú rẹ̀ sì mọ́ rekete, àmọ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ti ń sunkún pé ó fẹ́ kú. Ẹni tó tà á fún wa ní kí a pa iná tó ń mú ilé rẹ̀ gbóná títí òtútù á fi kọjá, pé bó ṣe ń rí nínú igbó nìyẹn. Ọkàn mi ò gba ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń sìn ín tipẹ́, ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Èkó ní Leeds

Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ, mà. Ẹ má pa iná yẹn o!

Gẹ́kò kò ní ooru tirẹ̀ nínú ara bíi tiwa. Ibi tó bá dùbúlẹ̀ sí ló ti ń gba ooru, ooru yẹn náà ló sì fi ń da oúnjẹ. Tí ẹ bá pa iná nígbà tí ìrẹ̀ ṣì wà nínú ikùn rẹ̀, ṣe ni ìrẹ̀ náà máa jẹrà síbẹ̀, ìyẹn sì lè pa á. Àwọn tó ń mú gẹ́kò bí sí i, tí wọ́n máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fi í sínú òtútù fún ìgbà díẹ̀, wọn kì í ṣàdédé pa iná. Wọ́n á kọ́kọ́ gbé ìgbẹ́ rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, wọ́n á dá oúnjẹ dúró, wọ́n á jẹ́ kí ikùn rẹ̀ ṣófo pátápátá nínú ooru, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá máa dín ooru kù díẹ̀díẹ̀. Èyí tó ti dàgbà, tó sanra, tí ara rẹ̀ le koko nìkan ni wọ́n ń ṣe é fún. Gẹ́kò tí ọmọdé ń sìn nílé kò nílò rẹ̀ rárá.

Ní ti oúnjẹ tó dínkù, kò yà mí lẹ́nu. Afgánísítánì, Pakísítánì àti àríwá ìwọ̀-oòrùn Íńdíà ni ilé leopard gecko. Ilẹ̀ gbígbẹ tó kún fún òkúta ni, òtútù sì máa ń mú níbẹ̀ gan-an ní oṣù Kejìlá àti oṣù Kìíní. Tí òtútù bá ti dé, inú pàlàpálá òkúta ló máa ń wọ̀ lọ, á wá máa lo ọ̀rá tó ti kó pamọ́ sínú ìrù. Ìrù yẹn ni àká rẹ̀. Tiyín lè jẹ́ èyí tí wọ́n bí sínú ilé, kí wọ́n sì ti bí ìyá àti ìyá ìyá rẹ̀ sínú ilé bákan náà, síbẹ̀ ara rẹ̀ ṣì ń tẹ̀lé àsìkò. Ojú fèrèsé ló ti ń mọ̀ ọ́n. Ní Manchester yín níbẹ̀, ojúmọ́ máa ń tó wákàtí 17 ní ìparí oṣù Kẹfà, nígbà tó bá sì fi di ìparí oṣù Kejìlá, wákàtí 7 àti ààbọ̀ ló kù. Ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn fún ẹ̀dá tó jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ àti ìdájí ló ń jáde wá oúnjẹ.

Nítorí náà, ẹ fi ooru rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ dín oúnjẹ kù. Ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti tó àgbà gẹ́kò nínú òtútù. Tí kò bá jẹ ẹ́, ẹ kó ìrẹ̀ tó ṣẹ́kù jáde kó tó di alẹ́ jinjin, torí ìrẹ̀ tí ebi ń pa máa ń bu gẹ́kò jẹ lójú oorun, pàápàá ní ìka ẹsẹ̀ àti ìpéǹpéjú. Omi mímọ́ ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ lójoojúmọ́.

Nọ́ọ̀sì Ẹranko, Kent

Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n wa sọ. Ilé ìwòsàn ẹranko ni mo ti ń ṣiṣẹ́, tí oṣù Kọkànlá bá ti wọlé, irú ẹjọ́ yìí ló máa ń pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ìbéèrè tí a kọ́kọ́ máa ń bi onílé ni pé gíráàmù mélòó ni gẹ́kò náà wọ̀n lóṣù tó kọjá, ọ̀pọ̀ ni kì í sì í mọ̀.

Ẹ mú ìwọ̀n tí ẹ fi ń wọn ìyẹ̀fun nílé ìdáná, èyí tó ń ka gíráàmù kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbé abọ́ ike tó jìn díẹ̀ lé e, ẹ dá a padà sí òdo, kí ẹ wá rọra gbé gẹ́kò sínú abọ́ náà. Ẹ má gbá a mú ní ìrù o. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó, ẹ máa kọ ọ́ sára kàlẹ́ńdà. Púpọ̀ nínú leopard gecko tó ti dàgbà máa ń wọ̀n láàárín gíráàmù 45 sí 80. Tí tiyín bá wà ní 60 nígbà ooru, tó wá di 58, ẹ fọkàn balẹ̀. Tó bá já sí 54, ìdá kan nínú mẹ́wàá ara rẹ̀ ti lọ nìyẹn, ẹ má dúró wo ohun tó máa tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Kì í ṣe gbogbo dókítà ajá àti ológbò ló mọ̀ nípa gẹ́kò, ẹ béèrè lórí fóònù pé ṣé wọ́n ní ẹni tó ń tọ́jú ẹranko afàyàfà kí ẹ tó gbéra.

Ohun tí ìyípadà àsìkò lè ṣe ni pé kó dín jíjẹ kù, kó dín rírìn kù, kó mú oorun pọ̀. Kì í mú kí gẹ́kò máa bì. Kì í mú kí ìgbẹ́ rẹ̀ máa ṣàn kó sì máa rùn. Kì í mú kí ojú rẹ̀ wọnú, tàbí kó máa la ẹnu mí. Kì í sì í mú kí ìrù tó sanra gbẹ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Tí ẹ bá rí ìyẹn, kòkòrò inú ìfun ló ṣeé ṣe kó jẹ́, ọ̀kan sì wà nínú wọn tó burú jù, tí wọ́n ń pè ní Cryptosporidium. Ó máa ń ran gẹ́kò mìíràn, nítorí náà ẹni tó bá ní ju ẹyọ kan lọ kò gbọ́dọ̀ lo abọ́ tàbí ẹ̀mú kan náà fún wọn.

Ẹ̀yin tí gẹ́kò yín kò tíì pé ọdún kan, ọ̀rọ̀ òtútù yìí kò kàn yín. Ọmọ gẹ́kò kò ní ọ̀rá púpọ̀ nínú ìrù. Tí kò bá jẹun, ohun kan ń ṣe é.

Ẹ sì máa rán àwọn ìbejì létí kí wọ́n fi ọṣẹ fọ ọwọ́ tí wọ́n bá ti fọwọ́ kàn án, torí kòkòrò Salmonella.

Màmá Ìbejì, Manchester

Olúwa á bù kún yín. Mo ti wọ̀n ọ́n, gíráàmù 63 ni. A kò wọ̀n ọ́n rí tẹ́lẹ̀, èyí ni a fi máa bẹ̀rẹ̀ ìwé.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun mìíràn. Èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara dígí láti wọn ooru ń ka 29 lórí ìwọ̀n Celsius. Mo wá ra èyí tó ní wáyà lẹ́nu, mo tẹ́ ẹnu wáyà náà sílẹ̀ gan-an nínú ihò tó gbóná, 26 ló kà. Lóru, tí ẹ̀rọ amúlégbóná bá ti kú, yàrá wọn máa ń já sí 15. Ṣé òun ló fà á?

Ọmọ Èkó ní Leeds

Òun náà wà níbẹ̀, mà. Ojú ilẹ̀ ibi tó ń sùn sí níhà ibi tó gbóná yẹ kó wà láàárín 32 sí 34. Ibi tó tutù yẹ kó wà láàárín 22 sí 26. Lóru, ó lè wálẹ̀ dé nǹkan bíi 20 láìsí ìyọnu. Tí ojú ilẹ̀ bá wà ní 26, ó lè fẹ́ jẹun, àmọ́ kò ní lè da oúnjẹ náà dáadáa, òun náà ló sì fà á tí kì í fi í yàgbẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Heat mat, ìyẹn ẹní oníná tó wà lábẹ́ dígí, ilẹ̀ nìkan ló ń mú gbóná, kì í mú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ gbóná. Nígbà ooru, afẹ́fẹ́ yàrá fúnra rẹ̀ á ràn án lọ́wọ́. Nígbà òtútù, òun nìkan ló ń dá ṣiṣẹ́, dígí sì ń tú ooru dànù. Ẹ kọ́kọ́ wò bóyá ilẹ̀ tàbí iyanrìn tí ẹ dà lé e kò ti nípọn jù. Ẹ fi páálí tàbí fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n ká ẹ̀yìn dígí náà àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì níta, ẹ má dí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ẹ gbé e kúrò lára ògiri tó kọjú síta. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yẹ thermostat, ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ bí ooru ṣe pọ̀ tó, wò: ẹnu wáyà rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbi tí gẹ́kò ń sùn sí gan-an. Ẹ má bọ́ thermostat kúrò kí ooru lè pọ̀ sí i o. Heat mat tí kò ní thermostat lè jó ikùn gẹ́kò kó má tilẹ̀ mọ̀.

Tí owó bá wà, ẹ ra iná tó ń mú ooru wá láti òkè, ẹ so òun náà mọ́ thermostat, kí ẹ sì fi àgò wáyà bò ó. Èmi gbà pé ooru láti òkè dára ju ti ìsàlẹ̀ lọ nígbà òtútù. Ní ti owó iná, heat mat oníwáàtì 14 tó bá ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dé àárọ̀ kò jẹ tó ìlàjì yúnìtì kan.

Iná tó ń tàn fún un náà, ẹ fi táímà sí i. Wákàtí 12 dára ní gbogbo ọdún. Tí ẹ bá fẹ́ tẹ̀lé àsìkò, ẹ jẹ́ kó jẹ́ 14 nígbà ooru àti 10 nígbà òtútù, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni kí ẹ máa fi dín in lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tí ìjọba bá sì yí aago padà ní ìparí oṣù Kẹwàá àti ìparí oṣù Kẹta, gẹ́kò kò mọ̀ sí ìyẹn, ẹ má jẹ́ kí oúnjẹ rẹ̀ fò wákàtí kan lójijì.

Ọmọ Ṣakí

Ilé ni mo wà ní tèmi, n kò sin gẹ́kò nínú dígí, àmọ́ ọmọńlé kún ara ògiri wa, mo sì fẹ́ràn láti máa wò wọ́n. Wọ́n mọ àsìkò ju àwa lọ. Tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ lọ́sàn-án, tí ikán abìyẹ́ bá jáde lálẹ́, ẹ wá wo ìdí gílóòbù iná wa: mẹ́rin, márùn-ún, wọ́n á máa lé ara wọn, èyí tó tóbi á máa na ìrù sókè sí èyí tó kéré. Ọ̀kan á há ikán mọ́ ẹnu, ìyẹ́ rẹ̀ á yọ síta lápá méjì, síbẹ̀ á tún máa wo òmíràn. Tí ọyẹ́ bá wá ń fẹ́, tí ètè gbogbo wa ń bó, ẹ lè dúró nídìí iná kan náà kí ẹ má rí ju ẹyọ kan lọ. Wọ́n ti wọ ẹ̀yìn àwòrán àti abẹ́ páànù lọ. Kòkòrò tí wọn ń jẹ kò sí, òru sì tutù.

Ẹ dákun, ẹ̀yin ará ilé, ẹ yé fi ìgbálẹ̀ pa wọ́n. Kò sí oró kankan lẹ́nu ọmọńlé, ẹ̀fọn àti aáyán ló ń bá wa jẹ.

Ará Croydon

Ọ̀rọ̀ ọyẹ́ tí Ọmọ Ṣakí mú wá yìí ṣe pàtàkì fún èmi. Fat-tailed gecko ni tèmi, ọmọ ilẹ̀ wa ni: láti Senegal títí dé Kamẹrúùnù ni wọ́n ti ń rí i nínú igbó ọ̀dàn, Nàìjíríà náà sì wà nínú rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ń tà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, láti Tógò àti Gánà ni wọ́n ti ń kó wọn wá. Àwọn èèyàn máa ń tọ́jú rẹ̀ bíi leopard gecko torí pé wọ́n jọra, ṣùgbọ́n kàlẹ́ńdà wọn kò dọ́gba. Leopard gecko mọ òtútù gidi. Òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ni fat-tail mọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ihò tó ṣì ní ọ̀rinrin nísàlẹ̀ ló máa ń wọ̀, á dákẹ́ síbẹ̀ títí òjò á fi padà.

Nítorí náà, wíńtà ibí ń ṣe é ní ọ̀nà méjì. Òtútù wà níta, ẹ̀rọ amúlégbóná sì ń gbẹ afẹ́fẹ́ inú ilé. Ọ̀rinrin yàrá mi máa ń já sí nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 nígbà tí ẹ̀rọ yẹn bá ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ 50 sí 70 ló tẹ́ fat-tail lọ́rùn. Awọ rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Tó bá fẹ́ bọ́ awọ, gbogbo ara rẹ̀ á funfun bí ẹni fi ẹfun pa á, ojú rẹ̀ á ṣú, kò ní jẹun fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Nínú ọ̀rinrin tó tó, á bọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà, á sì gbé awọ náà mì. Tí ibẹ̀ bá gbẹ jù, awọ á ṣẹ́kù sí orí ìka ẹsẹ̀, á fún un, ẹ̀jẹ̀ kò ní dé ibẹ̀ mọ́, ìka á já.

Ẹ gba abọ́ ike olómorí, ẹ dá ihò sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fi sandpaper ha ẹnu ihò náà kó má bàa gé e lára, ẹ kó ewéédò tí wọ́n ń tà fún òdòdó tàbí tíṣù tútù sínú rẹ̀, ẹ gbé e sí àárín, láàárín ibi tó gbóná àti ibi tó tutù. Ẹ máa wọ́n omi sí i kó tó gbẹ. Leopard gecko náà nílò rẹ̀. Tí awọ bá ti lẹ̀ mọ́ ìka, ẹ má fi èékánná fà á. Ẹ gbé e sínú abọ́ tí omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wà nínú rẹ̀, kí omi náà má kọjá ẹsẹ̀ rẹ̀, fún bí ìṣẹ́jú 15, kí ẹ wá fi owú tó tutù rọra yí i kúrò. Tó bá kọ̀, ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ kejì.

Nọ́ọ̀sì Ẹranko, Kent

Ará Croydon, ẹ ṣeun fún ọ̀rọ̀ ìka yẹn. Ìka tó ti já kì í hù padà. Ìrù leopard gecko àti ti fat-tail máa ń hù.

Ará Houston

Ẹ̀yin ń sọ ti òtútù, ooru ni tiwa. Crested gecko ni mo ń sìn. New Caledonia ni wọ́n ti wá, erékùṣù kan nínú òkun Pàsífíìkì. Wọ́n ti rò pé irú rẹ̀ ti tán láyé, kí wọ́n tó tún rí i lọ́dún 1994. Kò fẹ́ ooru rárá. 22 sí 26 ló bá a lára mu, tó bá fi máa ju 28 lọ fún ìgbà pípẹ́, ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu. Tí ooru bá ń mú un, á sọ̀kalẹ̀ láti orí ewé wá dùbúlẹ̀ sílẹ̀, á la ẹnu, á máa mí gùlegùle. Níbí, tí ìjì bá já wáyà iná, tí ẹ̀rọ amúlétutù kú, ọ̀rọ̀ di kánmọ́kánmọ́. Mo máa ń fi omi sínú ike, mo máa ń jẹ́ kó dì nínú fírísà, mo wá ń fi aṣọ ìnura wé e, mo ń gbé e lé orí àwọ̀n ilé rẹ̀. Tábìlì kékeré tó súnmọ́ ilẹ̀ ló máa ń wà, torí ooru máa ń lọ sókè.

Ọmọ Èkó ní Leeds

Ẹ má rò pé Houston nìkan ni o. Ní ọjọ́ 19 oṣù Keje ọdún 2022, ó dé 40.3 ní Coningsby, ní Lincolnshire, kò sì sí ẹ̀rọ amúlétutù nínú ọ̀pọ̀ ilé wa níbí. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé ilé dígí sí ojú fèrèsé, kó gbé e kúrò báyìí, kó má dúró de ìgbà ooru. Oòrùn oṣù Kẹta tó rẹlẹ̀, tó ń wọlé tààrà, lè se gẹ́kò nínú dígí nígbà tí ìta ṣì tutù.

Bàbá Birmingham

Ẹ kú àròyé, ẹ̀yin ọmọ mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń mú leopard gecko bí sí i, mo fẹ́ kí Màmá Ìbejì mọ ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn òtútù, kó má bàa tún já wọn láyà.

Láti oṣù Kìíní sí oṣù Kẹta, akọ yẹn lè tún kọ oúnjẹ. Lọ́tẹ̀ yìí, kò ní í sùn. Á máa rìn káàkiri ẹ̀gbẹ́ dígí látòru mọ́jú, á máa fẹsẹ̀ ha á, á máa gbọn ìrù rẹ̀ gìrìgìrì tí ẹ ó fi gbọ́ ọ lórí ilẹ̀. Abo ló ń wá. Kò sí oògùn fún un, kò sì sí ìdí láti ra abo fún un. Ẹ máa wọ̀n ọ́n bí nọ́ọ̀sì ṣe wí, ẹ kó ìrẹ̀ kúrò níwájú rẹ̀, àkókò náà á kọjá. Ẹ má fi akọ méjì sínú ilé kan láéláé, wọ́n á pa ara wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ní abo, tiyín ló nílò àmójútó jù. Abo tí kò tíì rí akọ rí lè yé ẹyin nígbà ìrúwé, méjì méjì ló sábà máa ń yé e. Á kọ oúnjẹ, ikùn rẹ̀ á tóbi, tí ẹ bá gbé e sókè wo abẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí nǹkan róbótó méjì tó funfun lábẹ́ awọ, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Láti ìparí ìgbà òtútù ni kí ẹ ti máa fi ìyẹ̀fun calcium bo gbogbo ìrẹ̀ tó ń jẹ, torí inú egungun rẹ̀ ló ti máa yọ èròjà ẹyin tí kò bá rí i nínú oúnjẹ. Ẹ gbé abọ́ kan sínú ilé rẹ̀ tí yẹ̀pẹ̀ tútù wà nínú rẹ̀, kó jìn tó ìka mẹ́rin, kó lè rí ibi gbẹ́. Tó bá gbẹ́ ilẹ̀ títí tí kò yé e, tó wá dùbúlẹ̀ láìlè gbéra, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ẹ má dúró dọ̀la. Ilé ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà, kódà tó bá jẹ́ ọjọ́ Àìkú.